Àwọn Aláìbojúwẹ̀yìn

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àǹtí Fótò fi ń yàwòrán nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, gbolóhùn kan sì wà tí kì í fò dá: "Ẹ yí ọrùn díẹ̀. Díẹ̀ sí i." Ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ọn débi pé ó máa ń sọ ọ́ lójú oorun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan wá ya fótò pásípọ́ọ̀tù. Àǹtí Fótò ní kó yí ọrùn díẹ̀ sápá òsì. Obìnrin náà dìde, ó yí gbogbo ara rẹ̀ lódindi bí ìgbà tí èèyàn ń yí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì tún jókòó. Ọrùn rẹ̀ kò mì rárá.

"Ṣé ọrùn ń dùn yín ni, mà?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní rárá o, ara òun yá gágá. Ó ní àwọn kì í wẹ̀yìn mọ́ ni, àwọn ò sì fẹ́ kí ọrùn bẹ̀rẹ̀ ohun tí ojú máa bá a parí.

Bó ṣe kọ́kọ́ bá ọ̀kan nínú wọn pàdé nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà tí ọdún yípo, ó ti ṣòro láti rí ẹni tí kì í ṣe ọ̀kan lára wọn ní títì tí ṣọ́ọ̀bù náà wà.

Aláìbojúwẹ̀yìn ni wọ́n ń pe ara wọn. Ẹ̀kọ́ wọn kò gùn. Ọlọ́run ń bẹ níwájú, ohun tó wà lẹ́yìn ti kú, ẹni tó bá sì bojú wẹ̀yìn, òkú ló ń kí. Bí o bá pè wọ́n láti ẹ̀yìn títí ọ̀fun rẹ fi gbẹ, wọn ò ní dáhùn. Bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó bọ́ nìyẹn, wọn ò ní mú un mọ́ bí wọ́n tilẹ̀ tún padà kàn án lọ́nà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé, kì í yí padà. Yóò rìn dé ìkángun títì, yóò yà lẹ́bàá ilé ìlagi, yóò gba ẹ̀yìnkùlé ilé búrẹ́dì, yóò sì tún ti apá kejì wọ títì bọ̀, kó lè jẹ́ pé iwájú ló ń lọ.

Àwòrán ni wọ́n kórìíra jù, àfi ti pásípọ́ọ̀tù nìkan tí ìjọba ń bèèrè. Wọ́n ní kí ni àwòrán bí kò ṣe ẹ̀yìn tí èèyàn fi férémù há mọ́ ògiri. Wọ́n kó tiwọn jó. Bí Àǹtí Fótò bá wọ ilé ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ya fótò ìgbéyàwó fún, àmì onígun mẹ́rin tó mọ́ ju ògiri yòókù lọ ló máa ń rí, mẹ́ta, mẹ́rin, bí ojú fèrèsé tí wọ́n ti dí pa.

Aránbàtà tó wà ní òdìkejì títì, bàbá kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ní kí wọ́n máa pọ̀ sí i, agboòrùn méje lòun ti ṣà lẹ́yìn wọn lóṣù kan ṣoṣo, òun á tó ṣí ìsọ̀ agboòrùn. Ó ní ohun kan péré lára wọn tó ń ba òun lẹ́rù ni bàtà wọn. Ó na ọ̀kan sí Àǹtí Fótò, ó yí ìdí rẹ̀ sókè.

"Wá wò ó. Bàtà gbogbo èèyàn ló ń jẹ lápá kan, torí èèyàn á yà, á yí, á dúró bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Tiwọn jẹ dọ́gba. Ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń rìn, tí àwọn dúró."

Àǹtí Fótò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan bàtà náà.

Kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kó tán. Kò bínú sí Ọlọ́run, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́ nílé ìjọsìn kankan. Láti kékeré ló ti ń wo ibi tí àwọn tó kù ń wò, kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀, bíi fíìmù tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn. Bí wọ́n bá ṣàdúrà fún un, á ní àmín, torí ọmọlúàbí kì í da ìkíni padà sẹ́nu ẹni tó kí i. Ó ti mọ́ ọn lára. Ó dà bí ẹni tí kì í jẹ iyọ̀ nínú ilé tí gbogbo ọbẹ̀ ti níyọ̀: á jẹ ìwọ̀nba, á mu omi, á dúpẹ́, kò ní jẹ́ kí ẹni tó sè é mọ̀. Ẹ̀sìn kò bà á lẹ́rù rí. Àwọn tó ń bá a jiyàn lórí rẹ̀, tí wọ́n ń sọ fún un pé iná ń dúró dè é, ó fẹ́ràn wọn pàápàá, torí ẹni tó ń bá ọ jà ṣì ń wò ọ́. Àwọn tuntun yìí kì í jà. Wọn kì í jiyàn. Wọ́n kàn máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á sì ré ọ kọjá.

Ká ní wọn ò fọwọ́ kan Jẹ́jẹ́, ì bá fi wọ́n sílẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn Àǹtí Fótò ló dàgbà sí. Onídìrí ni, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, ẹnu rẹ̀ mú. Ó fẹ́ awakọ̀ àjàgbé kan, ó bí ọmọbìnrin kan fún un tí gbogbo wọn ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, awakọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́, kò sì padà. Wọn ò gbọ́ pé ó kú, wọn ò gbọ́ pé ó yè. Fún ọdún méjì gbáko, bí ẹsẹ̀ bá dún lẹ́yìn Jẹ́jẹ́, á yíjú wò. Ó ń dirun, á yíjú. Ó ń jẹun, á yíjú. Ó gbẹ bí ẹja sísun.

Agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló mú Jẹ́jẹ́ lọ sọ́dọ̀ wọn. Ìyá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti di olórí àwọn Aláìbojúwẹ̀yìn, Ìyá Aṣíwájú ni wọ́n ń pè é. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó sọ fún Jẹ́jẹ́ pé kò pọn dandan kó máa wẹ̀yìn mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Jẹ́jẹ́ sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí Àǹtí Fótò rí i pé ẹran ń padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò òun, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà látọkànwá. Àṣé oògùn tó pa ikọ́ lè pa ohùn mọ́ ọn.

Wọ́n ní àṣà kan. Ẹni tó bá wọlé sáàárín wọn gbọ́dọ̀ bi ará ilé rẹ̀ léèrè ìbéèrè kan nígbà mẹ́ta: níwájú tàbí lẹ́yìn? Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹlẹ́rìí á wà níbẹ̀. Bí ará ilé bá ní iwájú lòun wà, á tẹ̀ lé wọn. Bí ó bá ní ẹ̀yìn, tàbí tó dákẹ́, ó ti di ẹni ẹ̀yìn nìyẹn, ojú ẹni tó bi í kò ní í wò ó mọ́ láyé.

Àǹtí Fótò ti rí bí ìyẹn ṣe ń rí. Bàbá tó ń ṣe búrẹ́dì ni ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì fi sẹ́yìn. Inú ilé kan náà ni wọ́n ṣì ń gbé. Wọn kì í lé e, wọn kì í bú u. Wọ́n á gbálẹ̀ dé ibi ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á gbá a yí ká. Bó bá jókòó sórí àga, ẹlòmíràn lè wá fẹ́ jókòó lé e lórí, kó tó rọra yẹra. Ó ń ta búrẹ́dì, ó ń gbowó, kò sí ẹni tó wò ó lójú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Fótò pẹ̀lú ìyẹ̀fun lápá, ó ní òun fẹ́ ya fótò. Àǹtí Fótò bi í pé irú èwo. Ó ní èyíkéyìí. Ó jókòó síwájú kámẹ́rà, ó sì ń wò ó bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

"Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́," ló wí. "Ẹ kọ́kọ́ wò mí díẹ̀ ná."

Àǹtí Fótò wò ó. Ó pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó wọnú yàrá òkùnkùn tó ń fọ fíìmù náà, ojú bàbá yẹn ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú omi, ó sì ṣe é bí ẹni pé ó ń pẹ́ kó tó yọ ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Bàbá náà kò padà wá gbà á.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ bi í lẹ́ẹ̀kíní, ìdí oúnjẹ ni wọ́n wà, Àǹtí Fótò sì fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní ibi tí ẹran wà lòun wà. Jẹ́jẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí wọ́n ti jọ rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ṣọ́ọ̀bù onídìrí ni. Àǹtí Fótò lọ dirun. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sílẹ̀ ó ń to róólà jọ, ó tò ó ní ìlà tẹ̀léra tẹ̀léra, gbogbo wọn kọjú síbì kan. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ dirun tán, Àǹtí Fótò nawọ́ gba dígí kékeré tí wọ́n máa ń gbé sẹ́yìn kí oníbàárà lè rí bí ẹ̀yìn orí rẹ̀ ṣe rí. Kò sí i níbẹ̀.

"Dígí ọwọ́ dà?"

"Mo ti kó o dànù, ẹ̀gbọ́n mi."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó o ṣe sí mi lẹ́yìn?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀yìn orí ṣe? Ṣé òun lẹ fi ń jẹun ni?"

Àǹtí Fótò bú sẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Ká ní wọ́n ti pààrọ̀ àbúrò rẹ̀ ni, ká ní ẹnu rẹ̀ ti kú, ì bá mọ ẹni tí òun ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí, Jẹ́jẹ́ gan-an ni. Ó rọ̀ mọ́ èjìká rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú dígí ńlá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé o. Níwájú tàbí lẹ́yìn?"

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo wà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo ti wà láti ọjọ́ tí ìyá wa kú."

Ó rí ojú Jẹ́jẹ́ nínú dígí. Ó kún fún omi, ṣùgbọ́n kò yẹ̀.

"Kò sí ẹ̀gbẹ́ níbẹ̀," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Mo bi wọ́n. Wọn ò fún wa ní ẹ̀gbẹ́."

Ó ní ọjọ́ Sátidé ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní bí kò bá rí bí wọ́n ṣe fẹ́, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà kò ní wá sí ṣọ́ọ̀bù fótò mọ́. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sọ ọ́, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá gbà á gbọ́, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín, kì í ṣe ọkàn.

Àǹtí Fótò ro ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìtìjú ni, pé àgbàlagbà kì í purọ́ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó tún ń sọ fún ara rẹ̀ pé gbogbo àmín tí òun ti ń ṣe láti kékeré ńkọ́, ta ni wọ́n pa? Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó jáde láti lọ bá aránbàtà sọ ọ́, kó lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ kí ọkàn òun sì fúyẹ́. Ó rí i tó ń lọ níwájú lọ́nà ìsọ̀ rẹ̀. Ó kí i láti ẹ̀yìn. Bàbá náà ń lọ. Ó pariwo pé, "Bàbá, ṣé agboòrùn mẹ́jọ ti pé?" Bàbá náà ń lọ. Ó dé iwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó ré e kọjá, ó ń lọ sí ìkángun títì, lọ́nà ilé ìlagi. Lẹ́yìn ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè jẹun tán, ó ti apá kejì yọ. Ó dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó rí Àǹtí Fótò, ó kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ó bi í bóyá ó jí ire.

Ibẹ̀ ni Àǹtí Fótò ti mọ̀ pé òun máa purọ́ náà.

Ní Sátidé, wọ́n wá lọ́sàn-án gangan. Ìyá Aṣíwájú ló ṣáájú wọlé, Jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Jẹ́jẹ́ bèèrè ìbéèrè náà. Àǹtí Fótò ní, "Níwájú." Ìyá Aṣíwájú gbá a mọ́ra. Ọṣẹ ni ara rẹ̀ ń rùn, ó sì gbóná dáadáa. Ohun tó ya Àǹtí Fótò lẹ́nu ni pé ìfaramọ́ náà tù ú lára. Ó ti tó ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti yọ̀ mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Fún ìṣẹ́jú kan, ó rí bó ṣe lè rọrùn tó, kó kàn máa lọ, kí ẹlòmíràn máa mọ ọ̀nà.

Ìyá Aṣíwájú ní kó gbé àpótí fíìmù rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n á rìn yí títì ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní gbogbo Sátidé, wọ́n á sì jó o lẹ́yìn ìyípo kẹta. Ọdún mọ́kàndínlógún tí gbogbo àdúgbò fi rẹ́rìn-ín wà nínú àpótí náà. Àǹtí Fótò gbé e.

Wọ́n ti tò síta, wọ́n lé ní àádọ́rin, ẹnìkan lẹ́yìn ẹnìkan. Ẹni tó bá jẹ́ tuntun ló ń wà nígbẹ̀yìn. Jẹ́jẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè ẹlẹ́ẹ̀kẹta tán wà lápá ìparí, lẹ́yìn aránbàtà, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ torí ọmọ kì í ṣáájú ìyá, Àǹtí Fótò sì kẹ́yìn gbogbo wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Kò sí orin, kò sí àdúrà. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń dún, wàṣà, wàṣà, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ti fi ojú èèyàn jẹun láti ọjọ́ yìí kò rí ojú kan ṣoṣo mọ́. Ìpàkọ́ ló ń rí, ìpàkọ́ tẹ̀lé ìpàkọ́ títí lọ. Ó dà bí ẹni pé bí òun bá sáré lọ síwájú láti wò wọ́n, ìpàkọ́ náà ni òun máa bá níbẹ̀.

Ní ìyípo kejì, lẹ́bàá ilé ìlagi, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sílẹ̀.

Kò ṣubú, kò ké. Ó kàn jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan di ẹsẹ̀ mú, ó sì fi ìkejì bo ẹnu ara rẹ̀. Àfọ́kù ìgò ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ojú rẹ̀ le koko. Àǹtí Fótò ní kó pe ìyá rẹ̀. Ọmọ náà mi orí. Ó ṣí ọwọ́ lẹ́nu díẹ̀, ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé a kì í pe èèyàn láti ẹ̀yìn.

Àǹtí Fótò gbé àpótí sílẹ̀ lójú títì.

"Jẹ́jẹ́! Ọmọ rẹ fara pa!"

Ó rí i pé ó gbọ́. Iṣan ọrùn Jẹ́jẹ́ yọ, ó le bí okùn tí wọ́n so màlúù mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe bí ẹni pé yóò dúró. Lẹ́yìn náà ó ń lọ. Wàṣà, wàṣà. Ó yà ní igun ilé búrẹ́dì, kò sì sí nílẹ̀ mọ́.

Àǹtí Fótò kò tẹ̀ lé wọn. Ó yọ àfọ́kù ìgò náà, ó fa etí gèlè rẹ̀ ya, ó dì í mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ. Ó gbé e sí ìbàdí, ó fi àpótí sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì gba ọ̀nà tí wọ́n ti wá padà. Ó yí ẹ̀yìn padà ní ti òun, ó rìn ín bí èèyàn ṣe ń rìn. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń retí wọn. Ó ní nígbà tí wọ́n bá yọ láti apá kejì, iwájú Jẹ́jẹ́ làwọn máa wà. Á rí àwọn.

Wọ́n yọ. Ìyá Aṣíwájú rẹ́rìn-ín músẹ́ sí afẹ́fẹ́, ó kọjá. Aránbàtà kọjá. Gbogbo wọn kọjá. Jẹ́jẹ́ ló kẹ́yìn. Ojú rẹ̀ bọ́ sára wọn gẹ́lẹ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ na apá. Àǹtí Fótò ti rí oríṣiríṣi ojú nínú iṣẹ́ rẹ̀, ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ti ẹni tó ń purọ́, ṣùgbọ́n kò rí irú èyí rí. Ojú náà kọjá lára wọn bó ṣe kọjá lára òpó iná, kò yára, kò fà sẹ́yìn. Ohun tó bá ti bọ́ sẹ́yìn ti bọ́. Ọmọ náà ká apá rẹ̀ kò díẹ̀díẹ̀.

Ìyípo kan péré ló kù.

Ẹ̀rù ba Àǹtí Fótò nígbà yẹn dé egungun. Ó ti máa ń rò pé àwọn onígbàgbọ́ ń rí nǹkan tí òun kò rí. Kò tíì rò ó rí pé ẹnìkan lè gbàgbọ́ títí tí kò fi ní rí ohun tó wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún yọ, kò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó jẹ́ kí wọ́n kọjá títí tó fi ku ẹni méjì ìkẹyìn, ó sì ki ara bọ àárín aránbàtà àti Jẹ́jẹ́. Ó kẹ̀yìn sí aránbàtà, ó kọjú sí àbúrò rẹ̀, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà ní ìbàdí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Aránbàtà kò mọ̀. Báwo ni ì bá ṣe mọ̀?

"Jẹ́jẹ́, mi ò sí lẹ́yìn rẹ," ló wí. Kò gbé ohùn sókè. "Mo wà níwájú rẹ. Wo ibi tí mo wà."

Ojú Jẹ́jẹ́ ń gba àárín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ọmọ náà kọjá. Àǹtí Fótò ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó sọ bí àfọ́kù ìgò náà ṣe tóbi tó. Ó sọ pé ọmọ náà kò sunkún, pé ó fọwọ́ bo ẹnu, pé ta ló kọ́ ọ. Ó sọ pé irọ́ ni òun pa lọ́sàn-án, pé òun kò gba nǹkan kan gbọ́, pé bí Jẹ́jẹ́ bá fẹ́ kó máa gbàgbọ́ lọ, òun kò ní bá a jà, ṣùgbọ́n kó wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ó ń fi gìgísẹ̀ wá ilẹ̀. Kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn òun, kò sì lè yíjú wò ó, torí bí òun bá gbé ojú kúrò lára Jẹ́jẹ́ ní ìṣẹ́jú yẹn, ó dá a lójú pé òun kò ní rí i mọ́. Ó ti yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀ láìmọ̀.

Ètè Jẹ́jẹ́ mì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gọ́tà."

Àǹtí Fótò dúró. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti wà létí kọnkéré. Jẹ́jẹ́ náà dúró. Ẹsẹ̀ àwọn tó kù ń dún lọ, ó ń jìnnà, ó yà lẹ́bàá ilé ìlagi, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ pé wọ́n ti dín. Jẹ́jẹ́ ń wo Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ń wò ó bí ẹni tó jí lójú oorun tó bá ara rẹ̀ nílé onílé. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á.

"Pákó wà lápá ọ̀tún yín," ló wí. "Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọdá gọ́tà, Àǹtí Fótò ń fi ẹ̀yìn rìn, Jẹ́jẹ́ ń lọ síwájú, títí wọ́n fi wọ ṣọ́ọ̀bù. Jẹ́jẹ́ jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé itan, ó ń tú aṣọ tó ti kún fún ẹ̀jẹ̀. Kò tíì yí ọrùn. Ó kẹ̀yìn sí ìlẹ̀kùn, iṣan ọrùn rẹ̀ ṣì yọ síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní omi, Àǹtí Fótò bu omi wá.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀. Ìyípo mẹ́ta ti pé, wọn kì í ṣe mẹ́rin rí, èyí sì ni ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Ó ń bọ̀ láti apá kejì, wàṣà, wàṣà, ó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Jẹ́jẹ́ wí, kò dẹ́kun fífọ ẹsẹ̀ ọmọ náà, "ẹ bá mi wo ẹnu ọ̀nà. Mi ò lè wò ó."

Àǹtí Fótò wò ó. Gbogbo wọn ló tò síta láti ìkángun dé ìkángun, wọ́n ti yí ara wọn lódindi kọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Aṣíwájú wà láàárín. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wọ́n dúró ni."

"Ṣé àwa ni wọ́n ń wò?"

Àǹtí Fótò wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ojú èèyàn jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Iwájú ni wọ́n ń wò."

Jẹ́jẹ́ mí kanlẹ̀. Ó mú aṣọ tó mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó ń dì í dáadáa, láìkánjú, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n òun máa bá òun ṣọ́ wọn.